Káàdì Funfun Tí Belmiro Já Gbà

Bí ẹ bá bi mí léèrè irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́, mà á ní èèyàn dáadáa ni, bí kò bá ṣáà ti sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ẹ mú Belmiro lọ síbi òkú, á bá ọlọ́fọ̀ sunkún. Ẹ mú un lọ síbi ìgbéyàwó, á ká apá aṣọ sókè, á bá wọn fọ abọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi yí pápá àwọn ọmọdé ká, kí wọ́n ti ọmọ kan ṣubú, ẹ ó rí i pé ẹlòmíì ló wọ ara rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní ìlú wa, àwọn bàbá tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wọn láì mí hẹlẹ ni wọ́n máa ń pariwo jù pé ọmọ ò sáré.

Desportivo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Vale de Corças. Àwọn àgbà wọn ń gbá bọ́ọ̀lù gba owó oṣù, ìpele kejì ni wọ́n wà lórílẹ̀-èdè, àmọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọn ni gbogbo ìlú ń tú jáde lọ wò ní àárọ̀ Sátidé, ní pápá kékeré tó wà lẹ́yìn pápá ńlá. Simão, ọmọ mi, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọdún méjìlá. Ọjọ́ orí yẹn ló le jù. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí pápá gbígbòòrò bíi tàwọn àgbà, gbogbo wọn kọ́ sì ni wọ́n ń mú lọ. Tí ìdíje Àjíǹde bá ti parí ni Fausto, olùkọ́ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Mísítà, á pe òbí kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọmọ yín bá wọlé, ohun tó máa ń sọ ò ju "Tiyín ń bá wa lọ." Bí ọmọ yín ò bá wọlé, á kọ́kọ́ kí yín dáadáa, á béèrè ara ilé. Tó bá ti ń béèrè ara ilé, ẹ lè máa wá mọ́tò yín lọ.

Simão ò fẹ́ nǹkan kan láyé tó ju ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn lọ. Kò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tó tún ń fẹ́ ni pé kí bàbá rẹ̀ rí òun nínú aṣọ Desportivo, ìyẹn ò sì ṣeé ṣe, torí Luxembourg ni Belmiro wà, ó ń mọ ilé fún wọn níbẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rá kòrò. Oṣù kẹjọ nìkan ló ń wá sílé, bí gbogbo àwọn tó lọ sókè òkun láti ìlú wa, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé á sì ti wọ ìsinmi nígbà yẹn. Kí Belmiro tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni Simão á ti máa bi í pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ń padà lọ?" Ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó kù kó lè máa ṣọ́ wọn jẹ ni.

Ní Sátidé tí Àjíǹde ku ọ̀la, èmi àti Graça ni iṣẹ́ ilé ìpápánu pápá kàn. Àwa òbí la máa ń pín in ṣe. À ń din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ, à ń kì í bọ inú búrẹ́dì, a sì ń po kọfí. Graça ni ìyàwó Abílio, Abílio sì ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti kékeré, àwọn méjèèjì jọ jí èso ọ̀pọ̀tọ́ ká nínú ọgbà àlùfáà ni. Nígbà tí wọ́n bí Jacinta, ọmọ wọn obìnrin, Belmiro ló gbé e lọ́wọ́ níbi ìsàmì. Lẹ́yìn náà ni Abílio kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Coimbra, ọmọ náà ò tíì pààrọ̀ eyín tán. Ìgbà òtútù tó kọjá, tí bàbá Abílio kú, ni wọ́n tó padà wálé. Jacinta ti di ọmọge, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó ti kọ́ṣẹ́ rẹfirí. Òun ló mú fèrè lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Belmiro ò tíì rí i láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Ṣùgbọ́n kò sí Àjíǹde tí kì í fi folar ránṣẹ́ sí i. Folar ni búrẹ́dì dídùn tí wọ́n máa ń tẹ odindi ẹyin sí lórí kí wọ́n tó yan án. Bàbá ìsàmì tí kò bá fún ọmọ ìsàmì rẹ̀ ní folar lọ́jọ́ Àjíǹde, kó má wulẹ̀ jáde sí gbangba mọ́.

Mo kẹ̀yìn sí ojú fèrèsé, mo ń yí ẹran padà, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tó ní, "Ìyàwó, fún mi ní kan, kó o fi ata sí i dáadáa."

Mo yí padà. Belmiro ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ojú rẹ̀ pọ́n torí ó wakọ̀ mọ́jú.

"Belmiro! Ta ló kú?"

"Ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá kú kí n tó wálé ni? Gbé ẹran wá jọ̀ọ́, ebi ń pa mí."

"O ò pè, o ò sọ nǹkan kan! Tí mo bá lọ ní ọkọ mìíràn nílé ńkọ́?"

"Mà á ní kó bá mi já ẹrù."

Graça ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹ wo Belmiro! Luxembourg ti sọ ẹ́ di àgbá wáìnì!"

"Graça, má bú mi lọ́dún. Ọmọ mi ńkọ́, Jacinta? Folar ẹ̀ wà nínú mọ́tò, láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tiwa tó wà lọ́hùn-ún ni mo ti rà á."

"Ó wà níbí," ni Graça wí, ó ń fojú ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣáà wojú dáadáa, wàá rí i."

Ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni. Ó fẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí i pé ọmọ ti di ẹni tó ń fọn fèrè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn pariwo "Simão! Simão!" lójú pápá, ni Belmiro bá ju búrẹ́dì sílẹ̀, ó sáré lọ dì mọ́ irin. Èmi àti Graça yọjú lójú fèrèsé.

Penedo ni wọ́n ń bá gbá. Ẹni tó bá borí ni yóò gbá àṣekágbá lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù láti igun pápá, ó fò sókè, ọmọ mi fò pẹ̀lú ẹ̀, ó dà wọ́n rú, ìgbà tá a máa fi mọ̀, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Góòlù! Belmiro dì mọ́ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, ó fi ẹnu kò ó lórí. "Ọmọ mi nìyẹn! Èmi ni mo bí i! Simão, bàbá ẹ ti dé o!"

Simão gbọ́ ohùn náà. Ó wo apá ibi tí irin wà, ó rí bàbá rẹ̀. Mo rò pé á sáré lọ bá a. Kò sáré. Ó dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fò mọ́ ọn, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló já ara rẹ̀ gbà, ó lọ bá Jacinta, ó sọ nǹkan kan, ó na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi hàn án. Ọwọ́ ló fi gbá a wọlé. Ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Mọ́mì, ì bá jẹ́ pé Bàbá ò sí níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé góòlù irọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí kí n gbá wọlé."

Jacinta fọn fèrè, ó fagi lé góòlù. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ káàdì funfun, ó nà án sókè gan-an lójú Simão.

Kò sí ọmọdé tí kò mọ káàdì funfun níbí. Ọmọ tó bá ṣe òótọ́ nígbà tí irọ́ ì bá ṣe é láǹfààní, òun ni rẹfirí ń fi í yẹ́ sí. Bó bá ti yọ, àtàwa àtàwọn alátakò, gbogbo wa la máa ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Belmiro kúrò nílé, káàdì méjì péré ló wà, ewu sì ni méjèèjì. Ohun tó rí ni pé wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n na káàdì sí i, gbogbo ayé wá ń pàtẹ́wọ́ sí i.

"Kí lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí?" ló pariwo. "Ẹ̀yin ará Penedo, ó tọ́ sí yín. Ẹ̀yin ará ilé ńkọ́? Ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo yín! Rẹfirí! Ìwọ onírun gígùn yìí! Ta ló fún ẹ ní fèrè? Lọ fọ abọ́ nílé ìyá ẹ!"

"Belmiro!" Mo pariwo láti ojú fèrèsé. Ariwo ẹran tó ń dín lórí iná àti àtẹ́wọ́ bo ohùn mi.

"Bí ìyá ẹ bá tiẹ̀ mọ ẹni tó bí ẹ fún! Ọmọ àlè!"

Graça wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀mú tó fi ń yí ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè wojú rẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ nìkan, kò sì lọ síbì kankan.

Belmiro ti gun irin. Ọkùnrin tí kò lè tẹ̀ kó so okùn bàtà, ó fo irin kọjá, ó rìn wọ àárín pápá, ó já káàdì gbà lọ́wọ́ ọmọge náà. Ó fẹ́ fà á ya. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé funfun ni. Ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà funfun. Àtẹ́wọ́ ti dákẹ́ pátápátá, débi pé inú ilé ìpápánu níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí Jacinta sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbé ohùn sókè.

"Bàbá ìsàmì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde nínú pápá."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rí ojú ọkọ mi nígbà tó mọ ẹni tó wà níwájú òun. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bóyá ó ń wá ọmọ eléyín kékeré tó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn irin, ó rí Abílio tó dúró láàárín àwọn èèyàn. Abílio yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Graça pa iná. Ó tú aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ká a dáadáa ní mẹ́rin, ó fi lélẹ̀ níwájú mi, ó jáde. Ì bá bú mi, ì bá san fún mi. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu níbẹ̀, ǹ bá bẹ́ sínú ẹ̀, ǹ bá sì bẹ̀ ẹ́ kó yára pa ẹnu dé.

Òfin Desportivo ò fara sin fún òbí kankan. Bí òbí bá wọ pápá, ọmọ rẹ̀ á jáde, àwọn ìgbìmọ̀ á sì jókòó lé ìyókù. Mísítà mú Simão jáde. Ọmọ náà jókòó sí ìpẹ̀kun àga, ó da aṣọ ìnura bo orí, kò ṣí i títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù náà tán, Penedo sì nà wá. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, Mísítà Fausto wá bá mi.

"Dona Otília, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa ni ara yín le? Ìyá yín tó wà lókè ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́?"

Ó ti kọ́kọ́ kí mi dáadáa. Ó ti béèrè ara ilé. Orúnkún mi fúnra rẹ̀ ló yẹ kó béèrè.

"Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́sẹ̀ yìí," ló wí, ó sì lọ.

Nígbà tá a délé, Belmiro ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, kò tíì wọlé. Mọ́tò náà kún dé òrùlé, mi ò ráyè wò ó tẹ́lẹ̀. Simão bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò mi, ó ṣì wọ aṣọ bọ́ọ̀lù. Ó béèrè ohun tó máa ń béèrè, ṣùgbọ́n ohùn náà yàtọ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ń padà lọ?"

Belmiro fi ọwọ́ ti ara mọ́ mọ́tò. "Mi ò padà lọ mọ́, Simão. Mo ti fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Mo ní... mo ní kí n máa wá wò ẹ́ ní Sátidé."

Ọmọ náà yọjú wo inú mọ́tò. Ó rí bàtà iṣẹ́, àtùpà, ìkòkò tí bàbá rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ níbẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká. Ó ní "Háà," ó sì wọlé lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbàdúrà pé kí ọjọ́ yìí dé, ó wá dé tán, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Mo ti Belmiro jáde lọ́sàn-án náà pé kó lọ bẹ Abílio. Kò pẹ́ tó fi padà.

"Kí ló wí?"

"Graça wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń já òdòdó tí wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ó ní Abílio ń sùn."

"Ó lè jẹ́ pé ó ń sùn lóòótọ́."

"Otília, mò ń gbọ́ tó ń kan ìṣó lẹ́yìn ilé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. "Ẹni tó ń kan ìṣó lójú oorun, inú ń bí i gan-an nìyẹn."

"Mi ò mọ káàdì yẹn," ló wí. Ó jókòó, ó di orí mú. "Olúwa ló mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Káàdì lo ò mọ̀. Èébú ńkọ́, ta ló kọ́ ẹ?"

Ó lọ gbé folar jáde nínú mọ́tò, ó gbé e sórí tábìlì. Mi ò sì ní àánú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, àgbélébùú ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa gbé e láti ilé dé ilé, agogo á máa dún níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ya ilé òun á da ewé àti òdòdó sẹ́nu ọ̀nà. Ọdún yìí, Abílio ni wọ́n yàn láti gbé e. Mo da òdòdó sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọjá. Mo gbọ́ agogo nílé Zeferino tó wà nísàlẹ̀ wa. Mo gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ó wá dún nínú ilé mi.

Abílio wọlé, aṣọ pupa wà léjìká rẹ̀, àgbélébùú tí wọ́n fi òdòdó wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kristi ti jíǹde, àlelúyà," ló wí, ó ń wo ògiri. Ó gbé e síwájú mi, mo fẹnu kò ó. Ó gbé e síwájú Simão, ó fi ọwọ́ kan ọmọ náà lórí díẹ̀. Àwọn aládùúgbò fẹnu kò ó. Ó wá ku Belmiro, tó ti lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

"Abílio, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu tèmi yìí..."

"Àgbélébùú ni mo gbé wá, kì í ṣe ara mi. Fẹnu kò ó. Wọ́n ń dúró dè wá nílé kejì."

Belmiro fẹnu kò ó. Ó wá gbé folar lórí tábìlì, ó nà án sí i. "Jọ̀ọ́, bá mi fún ọmọ mi."

"Ṣé èmi lo bú?" Ìgbà yẹn ni Abílio tó wo ojú rẹ̀. "Ojú gbogbo ìlú lo ti bú u. Ojú gbogbo ìlú ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."

Agogo jáde. Jacinta ò wá gba folar lọ́jọ́ náà. A ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Mísítà Fausto wá sílé wa fúnra rẹ̀. Kò kí mi. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn torí kò kí mi.

"Simão, ò ń bá wa lọ," ló wí. "Ọmọ tó lè ṣe ohun tó o ṣe, wọ́n á lé mi kí n tó lé e."

Simão fò sókè, ó lu ọwọ́ mọ́ òrùlé ilé ìdáná. Mísítà wá yíjú sí Belmiro. Ìgbìmọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu géètì Desportivo títí gbogbo ìdíje ọdún tó ń bọ̀ á fi parí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Belmiro wí.

Ìgbà náà ni ọmọ wo bàbá rẹ̀, ayọ̀ náà sì kú lójú rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà pé òun yọ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ lókè òkun torí kó lè máa wò ó, òun nìkan ṣoṣo ni kò wá gbọ́dọ̀ wò ó ní gbogbo ìlú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Belmiro ló wa mọ́tò gbé wa lọ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá. Simão bọ́ sílẹ̀, ó gba géètì wọlé. Èmi náà ò wọlé, mo ní kó má dá jókòó bí ajá tí wọ́n so. Folar wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun dì í. À ń gbọ́ fèrè Jacinta. À ń gbọ́ Zeferino, tí ẹnu rẹ̀ burú ju ti Belmiro lọ, tó ń pe Jacinta ní afọ́jú. Belmiro ń gbọ́ ọ, ó ń wo kẹ̀kẹ́ ìwakọ̀, etí rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé bí mo ṣe máa ń rí nìyẹn?" ló bi mí.

"Ohùn tìẹ máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ sọ, ó pọ̀, ó pẹ́. Ọwọ́ Belmiro lọ sára ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fà á padà.

"Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Mi ò mọ̀."

"Lọ́jọ́sí, mo rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀ tán," ló wí.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, àwọn èèyàn ń tú jáde. Belmiro bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dúró níta géètì, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilà. Jacinta jáde, báàgì wà léjìká rẹ̀, Abílio àti Graça tẹ̀ lé e.

"Jacinta," ni Belmiro wí, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, àwọn èèyàn sì dúró. "Ojú gbogbo ayé ni mo ti bú ẹ, mo bú ìyá tó bí ẹ, mo bú bàbá ẹ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Ọmọ náà gbé báàgì kúrò léjìká kan sí ìkejì.

"Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bú mi, Bàbá ìsàmì," ló wí. "Mo máa ń sọ fún ara mi pé àwọn tó ń bú mi ò mọ̀ mí ni, pé ẹni tó bá mọ̀ mí ò lè bú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn. Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Zeferino bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú àpò, bẹ́ẹ̀ ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń wo bàtà ara wọn. Belmiro na folar sí i. Jacinta gbà á, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti gbẹ."

"Ó ti gbẹ," ni Belmiro wí.

"Mọ́mì á rì í sínú wàrà."

Níbí, bí ọmọ ìsàmì bá ti gba folar tán, á ní, "Bàbá ìsàmì, ẹ súre fún mi." Mo rí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi tó gòkè díẹ̀, tó ń dúró. Jacinta fi folar sábẹ́ apá, ó dúpẹ́, ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ọwọ́ náà ò mọ bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀, ó lọ gbé fìlà wọ̀.

Nígbà tá a padà sínú mọ́tò, Simão ti wà lẹ́yìn. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. A jókòó, àwọn èèyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá láì wo inú.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí nígbà tó yá. "Ẹsẹ̀ ni mo fi gbá a wọlé lónìí o."

"Mo gbọ́," ni Belmiro wí.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n wakọ̀, pé òun ò rí ọ̀nà dáadáa.